Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ìròyìn ìparí ọdún ní sẹ́kọ́ńdìrì ìgbèríko

Ẹ̀yin tíṣà tẹ́ ẹ wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ìgbèríko, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ọ̀gá àgbà máa ń ránṣẹ́ pè nígbà tí ọdún bá kù díẹ̀ kó parí pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ nǹkan tá a máa fún àwọn òbí. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ yìí ti wà lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ dọ́kàn, torí mo mọ ohun tí bébà kékeré yẹn ń ṣe nínú ilé tí kò sí ìwé míì níbẹ̀ ju ti ọmọ iléèwé lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ṣòro: àwọn ọmọ ni kó kọ ìròyìn yẹn, ìgbà tí ọdún bá sì bẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí níbi púpọ̀. Ojú ìwé kìíní, ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà. Ìkejì, ọ̀rọ̀ alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Ìkẹta, fótò àwọn àlejò pàtàkì lórí ìjókòó, wọ́n á wá fi orúkọ ọmọ mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn sísàlẹ̀, ó parí nìyẹn. Òbí tí ọmọ tiẹ̀ ò sí nínú àwọn mẹ́ta yẹn ńkọ́? Á gbà á, á yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, á sì gbé e jù síbì kan. Mi ò ní kí ọ̀gá àgbà má sọ̀rọ̀ o, ìpínrọ̀ kan tó wọn. Àmọ́ ọmọ tó ń bomi rin igi tí wọ́n gbìn sẹ́yìn kíláàsì títí igi náà fi yè, ìròyìn lòun náà, àwọn tó ṣe eré orí ìtàgé tí àwọn ará abúlé fi rọ́ wá síléèwé lálẹ́, ìròyìn ni wọ́n, ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ láàárín èrò tẹ́lẹ̀ tó wá dìde níbi ìjiyàn tó sọ tẹnu ẹ̀ dópin, ìròyìn ńlá nìyẹn.

Ìwé kan péré lẹ nílò láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra ìwé ẹlẹ́yìn líle tó nípọn, kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan yan ọmọ méjì tí á máa kọ nǹkan sínú ẹ̀, ọkùnrin kan obìnrin kan, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ wọn ní sáà sáà kí ọ̀pọ̀ lè fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni kí wọ́n kọ ọ́, déètì, ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀, ohun tí ẹnì kan sọ. Tí wọ́n bá sún kíkọ ẹ̀ di ìparí ọdún, ẹ̀ẹ́ rí i pé ẹnu ò ní kò mọ́, lágbájá ló gba góòlù wọlé, rárá o, tàmẹ̀dò ni, kò wá sẹ́ni tó lè jẹ́rìí sí i. Tẹ́ ẹ bá sì ń ka ohun tí wọ́n kọ, ẹ má fi bírò pupa pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ẹ tún àṣìkọ ṣe, ẹ fi ohùn ọmọ sílẹ̀. Ọmọ kan kọ ọ́ nípa ẹyẹ tó wọ kíláàsì wọn nígbà ìṣirò, pé tíṣà dúró, gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ṣí fèrèsé, ẹyẹ jáde, wọ́n padà sórí ìṣirò. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí àgbàlagbà tí kì bá ti fi ọ̀rọ̀ kún un, bó sì ṣe wà yẹn gan-an la ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde.

Iléèwé ìgbèríko ò fi bẹ́ẹ̀ ní láàbù, tiwa náà ò ní, ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀ sí wa lórí bó ṣe ń rọ̀ sáwọn ará ìlú ńlá. Torí náà mo máa ń ní kí àwọn ọmọ wọn òjò látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin. Agolo tí ẹnu ẹ̀ àti ìdí ẹ̀ fẹ̀ dọ́gba ni kẹ́ ẹ lò, ẹ gbé e sí gbangba tí igi tàbí òrùlé ò ti ní ṣíji bò ó, kó ga nílẹ̀ díẹ̀ kí omi tó ń ta láti ilẹ̀ má bàa wọnú ẹ̀, kí ẹ sì fi nǹkan dì í mú kí atẹ́gùn má dà á nù. Láràárọ̀, ní aago kan náà, ọmọ tí ó kàn á ki rúlà bọ̀ ọ́, á ka mìlímítà, á kọ ọ́ sílẹ̀, á da omi nù. Lọ́jọ́ tí òjò ò bá rọ̀, 0 ni kí wọ́n kọ. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá lọ wò ó, kí wọ́n fa ìlà síbẹ̀, kí wọ́n má kọ 0, torí ọ̀tọ̀ ni pé òjò ò rọ̀, ọ̀tọ̀ ni pé a ò mọ̀ bóyá ó rọ̀, ibi tí ọmọ ti ń kọ́ òótọ́ nìyẹn o, mi ò lè fi eléyìí ṣeré rárá.

Ibi tó ń dùn mọ́ wọn ni ìṣirò ẹ̀. Òjò mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 1 níbùú, mítà 1 lóròó, lítà omi 1 ni. Tí ọgbà iléèwé bá wá jẹ́ mítà 6 sí mítà 5, ìyẹn 30, tí òjò mìlímítà 20 sì rọ̀ lóru ọjọ́ kan, lítà 600 ló dà sínú ọgbà yẹn. Ọmọ tó ti fi korobá pọn omi rí mọ ohun tí lítà 600 jẹ́, ẹnu á yà á! A máa ń ya òjò oṣù kọ̀ọ̀kan bí ọ̀pá tó ga ju ara wọn lọ, a sì máa ń fún un ní ojú ìwé odindi. Ojú ìwé yẹn làwọn òbí tó jẹ́ àgbẹ̀ máa ń bi mí léèrè nípa ẹ̀ jù, wọ́n á ní oṣù wo lòjò dá, ṣé ti ọdún tó kọjá ṣì wà lọ́wọ́ yín ká fi wé e.

Ọjọ́ eré ìdárayá, níbẹ̀ ni ariwo wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àkókò tẹ́ ẹ máa kọ sínú ìròyìn ṣeé gbà gbọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ tó ń fi fóònù ka àkókò níbi ìlà ìparí dáadáa. Àkọ́kọ́, kí wọ́n má dúró de ìró fèrè. Ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí náà, ní ìje mítà 100, tí ìró fèrè bá fi máa dé etí ẹni tó wà lápá ọ̀hún, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ti lọ, á wá dà bíi pé ọmọ yẹn sáré ju bó ṣe sáré lọ. Kí ẹni tó ń fọn fèrè na aṣọ sókè, kó jù ú sílẹ̀ bó ṣe ń fọn ọ́n, ojú ni kí àwọn tó ń ka àkókò fi mú un. Ìkejì, kí ẹni mẹ́ta máa ka àkókò ẹni tó ṣíwájú. Tí méjì bá bára mu, tiwọn lẹ máa mú. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀, ẹ mú ti àárín, ká ní 12.4, 12.6 àti 12.5 ni wọ́n rí, 12.5 lẹ máa kọ. Tí fóònù bá sì kọ 12.31, ẹ gbé e lọ sí 12.4, ẹ má fà á wálẹ̀ sí 12.3, bí òfin àkókò tí wọ́n fi ọwọ́ kà ṣe wí nìyẹn.

Ní ti ẹni tó kọ́kọ́ dé, àyà ni wọ́n ń wò, láti ọrùn dé ìbàdí. Orí ò sí níbẹ̀, ọwọ́ ò sí níbẹ̀, ẹsẹ̀ ò sí níbẹ̀. Mo ti rí i tí ọmọ na ọwọ́ kọjá ìlà tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ sì ti ń gbé e jó, ẹ ṣàlàyé fún gbogbo iléèwé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ́ rí i pé ìjà á dínkù gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìje tí ẹni mẹ́rin ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn, 4 × 100, ibi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ gba ọ̀pá ti di mítà 30 báyìí, mítà 20 ni tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ pápá iléèwé ló sì ṣì ń fa ìlà ti àtijọ́. Ọmọ tó bá kọ gbogbo èyí sílẹ̀ tó sì lóye ẹ̀ á kọ ìròyìn eré ju ẹni tó kàn ní eré náà dùn gan-an ni.

Orúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, orúkọ o. Ìyá kan lè má mọ̀wé kà, ó mọ bí orúkọ ọmọ ẹ̀ ṣe rí lójú ìwé. Ẹ fi wé régísítà, lẹ́yìn náà kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá wo tiẹ̀, kó tún un ṣe fúnra ẹ̀. Ẹ má tẹ ipò gbogbo kíláàsì jáde láti orí ẹni kìíní dé orí ẹni tó gbẹ̀yìn, kò sí àǹfààní kankan fún ẹni tó wà nísàlẹ̀, ó kàn máa dójú tì í níwájú àwọn ará abúlé ni. Ọ̀rọ̀ owó iléèwé tí ẹnì kan jẹ, ọ̀rọ̀ àìsàn, nọ́ńbà fóònù, ibi tí ọmọ ń gbé, kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ti fótò, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí látìgbà tí wọ́n bá mú ọmọ wọlé, kó wà lákọsílẹ̀.

Tí wọ́n bá ń fi fótò ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi document, torí WhatsApp máa ń fún fótò pọ̀ tí kì í fi í mọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Fótókọ́pì máa ń sọ fótò di dúdú, nítorí náà kí oòrùn wà lẹ́yìn ẹni tó ń yà á, kí ojú àwọn ọmọ mọ́lẹ̀, ẹni mẹ́ta mẹ́rin tó súnmọ́ tòsí dáa ju ogójì ọmọ tí èèyàn ò dá ẹnì kankan mọ̀.

Bébà A3 tẹ́ ẹ ká sí méjì á fún yín ní ojú ìwé 4 tó jẹ́ A4, torí náà 4, 8 tàbí 12 ni ojú ìwé yín gbọ́dọ̀ jẹ́, tó bá di 9 ẹ yọ ọ̀kan kúrò. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà tóbi, àwọn ìyá àgbà wà tó ń kà á. Kí gbogbo kíkọ sì ti parí kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, torí tí ìdánwò bá ti wọlé kò sọ́mọ tó máa dá yín lóhùn, tí ìsinmi bá sì bẹ̀rẹ̀ wọ́n á ti fọ́n ká lọ sí abúlé abúlé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lófìfo fún ọjọ́ ìfẹ̀bùn, kí ọmọ kọ ti ara ẹ̀ síbẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ ìparí náà, kí ọmọ kan tàbí méjì kà lára ẹ̀ sókè ní èdè tí àwọn òbí gbọ́, kí wọ́n gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sáwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ má gbàgbé àwọn tí kì í ṣe tíṣà. Ọmọbìnrin kan lọ fọ̀rọ̀ wá bàbá tó ń ṣọ́ géètì lẹ́nu wò. Ó lérò pé bàbá á sọ nípa olè ni, bàbá sì sọ fún un nípa ọmọkùnrin kan tó máa ń kọ́kọ́ dé láràárọ̀, tó ń gba apá òdò wá, tó máa ń jókòó sẹ́bàá géètì tí á nu ẹsẹ̀ ẹ̀ kó tó wọ bàtà. Kò sẹ́ni tó ti pe orúkọ ọmọ yẹn rí níbi àpéjọ àárọ̀. Odindi ìdajì ojú ìwé la fi sọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn tí òun àti òbí ẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀.

Fún àwọn tó ń jáde, ẹ má bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ dà lọ́la, dókítà àti ẹnjiníà ni gbogbo wọn máa sọ. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tí wọ́n wọlé, tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe báyìí, gbólóhùn kan péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn sì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ bá parí, ẹ fi ẹ̀dà méjì sí láíbúrárì iléèwé, ẹ má ṣe yá ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ ọ́ di PDF, kí ọ̀kan wà lórí fóònù ọ̀gá àgbà, kí òmíràn wà nínú email iléèwé, torí tíṣà máa ń gba transfer lọ síbòmíì, fóònù sì máa ń sọnù. Ìwé tí àwọn ọmọ fi kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún náà, ẹ kọ ọdún sí ẹ̀yìn ẹ̀, kí ẹ tò ó síbẹ̀ pẹ̀lú wọn.