Àwọn tó kówó sílẹ̀ nítorí ilé olódi Matsue

Bí ẹ bá dé Japan, tí gbogbo èrò ń rọ́ lọ sí Tokyo, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Matsue ni kí ẹ lọ, ní agbègbè Shimane. Ẹ̀gbẹ́ adágún Shinji ló wà, omi òkun sì ń yọ́ wọnú adágún náà bíi ti ọ̀sà wa níbí. Àwọn apẹja á ki ọ̀pá gígùn tó ní agbọ̀n irin eléyín lẹ́nu bọ ìsàlẹ̀ omi, wọ́n á fi máa họ shijimi, ohun abìkarahun dúdú tí kò tó èékánná àtàǹpàkò. Ọbẹ̀ rẹ̀ ni mo fi jẹun àárọ̀. Ó dùn, àmọ́ kò lata rárá. Ata gígún mi wà nínú báàgì, ojú ò tì mí.

Ọkọ̀ ló ń gbé àlejò káàkiri lórí yàrà omi tó yí ilé olódi ká. Àwọn afárá kan lọ sílẹ̀ débi pé òrùlé ọkọ̀ gan-an gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Bàbá tó ń wa ọkọ̀ ké sí wa, òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lé wa lórí, gbogbo wa da ojú bolẹ̀. Èmi obìnrin, tòun ti gèlè, mo dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ náà!

Pákó dúdú ni wọ́n fi bo ara ilé gogoro tó wà nínú ilé olódi náà. Horio Yoshiharu ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1611. Kànga wà nínú ilé nísàlẹ̀, kí òùngbẹ má baà pa wọ́n bí ọ̀tá bá sé wọn mọ́. Àtẹ̀gùn rẹ̀ le ṣánṣán. Àwọn tí orúnkún ń dùn, ẹ rọra. Téèyàn bá ti dókè, gbogbo adágún ló máa rí.

Ní 1875, ìjọba lu àwọn ilé inú ọgbà náà ní gbàǹjo fún ẹni tó bá fẹ́ wó wọn. Yen 180 ni wọ́n dá lé ilé gogoro. Àgbẹ̀ olówó kan, Katsube Motoemon, àti Takagi Gonpachi tó ti ṣe jagunjagun tẹ́lẹ̀, ló kó iye yẹn kalẹ̀ kí wọ́n má baà fọwọ́ kàn án. Ìyókù pátá ni wọ́n wó. Ní 2012, wọ́n rí pákó àdúrà méjì tí wọ́n kọ ọdún ìparí ilé sí. Ihò ìṣó ara wọn bá ti òpó ìsàlẹ̀ ilé mu rẹ́gí. Nígbà tó di 2015, ìjọba kà á mọ́ ìṣúra orílẹ̀-èdè.

Ọmọ Pópó Àgùdà ní Èkó ni mí. Ilójò Bar ní Tinúbú, ilé 1855, tí ìjọba kéde ní 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, ọjọ́ Sọ́ńdè kan ní oṣù Kẹsàn-án 2016 ni wọ́n wó o palẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ yen 180 yìí fún Bọ̀dá mi, ó rẹ́rìn-ín títí.

“Ìwọ lọ kówó sílẹ̀ ní Èkó! Wọ́n á gbà á, wọ́n á já rìsíìtì fún ẹ, kílẹ̀ tó ṣú, katapílà ti dé.”

Mo ní ká ṣáà kọ́kọ́ dáwó náà ná. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀, torí èmi lówó wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó fi lọ Japan.