Ajá Lókà Ni Kí Ẹ Mú Wọlé Fáwọn Ọmọ Yín

Bí oníbàárà bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, tó rí bí ajá wa ṣe nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ìbéèrè kan náà ló máa ń tẹ̀ lé e: "Màmá Tóbi, irú ajá wo lẹ rò pé kí n rà fáwọn ọmọ?" Òmíràn á ti ní German Shepherd lọ́kàn. Òmíràn á ní Lhasa ni, nítorí ó rí i lórí fóònù. Èsì tèmi kì í yí padà: ajá lókà ni. Ajá ilẹ̀ wa yìí ni mò ń wí, onírun kúkúrú, elétí ṣóńṣó, tí ìrù rẹ̀ ká sókè, tó máa ń pupa rúsúrúsú tàbí kó dúdú, tí funfun díẹ̀ á wà láyà rẹ̀ àti lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òun làwọn kan ń pè ní ekuke, tí wọ́n á tún yínmú sí i.

Télọ̀ ni mí, Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni ilé wa wà. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń gbé: èmi àti ọkọ mi, ọmọ mẹ́ta, àti ìyá ọkọ mi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn. Ẹ fi àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kún un, àwọn tó wá wọn aṣọ, àwọn tó wá gba aṣọ, àti àwọn tó kàn yà kí wa. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni èèyàn ń mú ajá oníbìínú wá. Ajá tó máa gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó wá ra ọjà yàtọ̀ sí ẹni tó wá wo ilẹ̀kùn.

Ojúlarí ni orúkọ ajá wa. Màmá, ìyá ọkọ mi, ni wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ojú là rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Àwọn àgbà wa kì í pe ajá lórúkọ lásán. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́, orúkọ ajá ló máa ń fi rán. Mi ò bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń bá wí. Ọ̀dọ̀ ọdẹ kan lójú ọ̀nà Ìbòkun la ti mú un wá.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, Ojúlarí á gbó mọ́ ọn. Bí mo bá ti ní, "Ojúlarí, ó tó," á dákẹ́, á lọ gbóòórùn bàtà onítọ̀hún. Bí ẹni náà bá tún padà wá, ìrù ló máa fi kí i. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, kò mọ oníbàárà kankan mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan gééètì, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́.

Àbíkẹ́yìn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ni. Etí ajá ló ń dì mú dìde, ó ń fà á nírù, ó ń ki ọwọ́ bọ abọ́ rẹ̀. Ojúlarí kì í kùn mọ́ ọn. Tó bá sú u, á rọra dìde, á lọ sùn sábẹ́ tábìlì tí a fi ń gé aṣọ, níbi tí ọwọ́ ọmọ ò lè tó o. Èyí ni mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀: yíyẹra ló máa ń kọ́kọ́ ronú kàn, kì í ṣe ìbínú. Síbẹ̀, mi ò jẹ́ fi ọmọ kékeré àti ajá nìkan sílẹ̀ pa pọ̀, irú ajá yòówù kó jẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ má ṣe é.

Ti Màmá ló yà mí lẹ́nu jù. Etí wọn ò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Bí àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú ìjọ bá wá kan gééètì ẹ̀yìn, ajá á gbó, á wá sáré wọlé tọ Màmá lọ, á fi imú ti orúnkún wọn, á sì padà lọ dúró sí ẹnu gééètì. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣàkíyèsí pé ẹni tó jókòó yẹn ò gbọ́ òun. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo gbé àlùmọ́gàjí ọwọ́ mi kalẹ̀, omi sì lé sójú mi. Mojí, ọmọ mi kejì, tó ń sá sẹ́yìn mi tẹ́lẹ̀ bó bá ti rí ajá lójú ọ̀nà iléèwé, òun ló ń bu oúnjẹ fún Ojúlarí báyìí, kò sì ní fọwọ́ kan tirẹ̀ títí ajá á fi jẹun.

Mi ò bá ajá òyìnbó jà o. German Shepherd gbọ́n, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́jà kan ní Jámánì, Max von Stephanitz, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò irú ajá yìí ní 1899, iṣẹ́ dída àgùntàn ni wọ́n sì dìídì sìn ín fún. Ojoojúmọ́ ló fẹ́ sáré, ojoojúmọ́ ló fẹ́ kí wọ́n bẹ òun níṣẹ́. Bí ẹ bá tì í mọ́lé láti àárọ̀ tẹ́ ẹ ti lọ síbi iṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ilẹ̀kùn yín ni yóò máa jẹ. Oríkèé ìbàdí sì máa ń da ọ̀pọ̀ nínú wọn láàmú bí wọ́n bá ń dàgbà. Caucasian ní tirẹ̀, orí àwọn òkè Caucasus ló ti wá, níbi tí yìnyín ti ń bọ́, tó ti ń lé ìkookò kúrò lára àgùntàn. Ẹ wo gbogbo irun ara rẹ̀, kẹ́ ẹ wá rò ó ní Òṣogbo lóṣù kẹta, tí NEPA ti mú iná lọ. Ajá kì í làágùn jáde lára bíi tiwa. Ahọ́n ló ń yọ síta, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kí ooru lè kúrò lára rẹ̀. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí tí mo bá rí i lẹ́yìn gééètì àwọn olówó. Boerboel tí wọ́n ń sìn ní Gúúsù Áfíríkà lè wúwo ju 60 kílò lọ. Kò tiẹ̀ ní láti bínú. Bó bá fi eré fara gbún Màmá, ilẹ̀ ni wọ́n máa bá ara wọn. Lhasa kéré lóòótọ́, ojú rẹ̀ sì fani mọ́ra, àmọ́ irun rẹ̀ kì í yé gùn. Ta ló máa máa yà á lójoojúmọ́ nínú ilé tí iṣẹ́ ti pọ̀?

Kò sẹ́ni kan tó jókòó tó ṣètò ajá lókà. Oòrùn, àìsàn, ebi àti àwọn ọdẹ ló ṣà á láti ìran dé ìran. Èyí tí ara rẹ̀ ò gba ilẹ̀ yìí kì í pẹ́ láyé débi tí yóò bímọ. Èyí tó bá ń bu ará ilé jẹ, wọn kì í jẹ́ kó gbélé. Basenji ilẹ̀ Kóńgò, tí àwọn òyìnbó ń náwó lé lórí, jọ ọ́ gan-an. Àmọ́ Basenji kì í sábà gbó, tiwa sì ń gbó dáadáa. Ẹ rántí pé ọdẹ ni Tìmẹ́hìn, tí ìtàn ìlú wa sọ pé òun àti Láróòyè ló tẹ Òṣogbo dó. Ọ̀rọ̀ ọdẹ àti ajá ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílùú yìí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìfaradà rẹ̀ yìí gan-an ni wọ́n fi ń fìyà jẹ ẹ́. Ẹni tó ń gbé Lhasa lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran bó bá sín lásán, ẹni náà ló máa sọ pé ajá lókà ò nílò abẹ́rẹ́. Irọ́ ni! Àrùn parvo, tí wọ́n ti mọ̀ láti 1978, tó máa ń mú kí ọmọ ajá máa bì, kó sì máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, kì í béèrè irú ajá kó tó pa á. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára, kí wọ́n sì tún un gún bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀.

Ti dìgbòlugi tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èèyàn ló ń pa. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń kú nítorí rẹ̀ lọ́dọọdún lágbàáyé, ìgéjẹ ajá ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fa gbogbo rẹ̀. Nínú 100 èèyàn tí ẹran tí wọ́n fura sí pé ó ní àrùn yìí gé jẹ, nǹkan bí 40 ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Ọmọ wa ni wọ́n o. Bí àmì àìsàn náà bá ti yọ lára èèyàn, ẹ̀pa ò fẹ́rẹ̀ẹ́ bóró mọ́. Nítorí náà, bí ọmọ ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí wọ́n gún un, kẹ́ ẹ sì máa tún un gún lọ́dọọdún. Bí ajá bá gé ọmọ jẹ, ìbáà jẹ́ ajá yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi epo kùn ún, ẹ má fi ata sí i, ẹ má dúró de ọ̀la.

Oúnjẹ rẹ̀ ò le. Ẹ̀bà tàbí àmàlà, ẹja sáwá tí a bọ̀ láìsí ata, orí ẹja, omi tó mọ́. Àlùbọ́sà kì í ṣe oúnjẹ ajá, ṣokoléètì náà kọ́, egungun adìẹ tí iná ti kàn sì lè fọ́ gún un nífun. Lákòókò òjò, ẹ máa wo inú etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fún eégbọn. Tóbi ló ń ṣe tiwa, òun ló sì ń wẹ̀ ẹ́. Oògùn eégbọn, ọwọ́ dókítà ni kẹ́ ẹ ti gbà á. Mo mọ àwọn tó ń fi ọ̀tápíápíá pa ajá lára. Májèlé ni, ajá á sì fi ahọ́n lá a.

Mùsùlùmí ni Alhaja tó múlé tì wá, wọn ò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ ìkírun wọn, a sì gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún un. Láti kékeré la ti ń dá Ojúlarí dúró síbi tí àgbàlá wa pin sí. Kì í kọjá ibẹ̀, bí ẹnu ọ̀nà wọn tilẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ohun mìíràn ni pé ajá ni Ògún ń jẹ. Bí ọdún Ògún bá ti ń sún mọ́lé, ẹ má jẹ́ kí ajá yín máa dá jẹ̀ kiri.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ọmọ ajá, ìyá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ìyá bá jẹ́ kí olówó rẹ̀ gbé àwọn ọmọ rẹ̀ láìjà, ó dára. Ẹ má gbà á lẹ́nu ọmú kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nítorí ààrin àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣeré láìgé ara wọn jẹ. Ẹ pàtẹ́wọ́ díẹ̀: èyí tó bá sá pamọ́ tí kò jáde mọ́, ẹ fi í sílẹ̀, èyí tó bá ń tẹ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò yẹ ilé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́. Èyí tó bá ta gìrì, tó wá padà wá gbóòórùn ọwọ́ yín, òun ni kẹ́ ẹ gbé.

Abo ajá oníbàárà mi kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ kó fi méjì pa mọ́ dè mí. Ọ̀kan ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìkìrun, tí ìyàwó rẹ̀ ti ń dààmú rẹ̀ pé ilé dá. Èkejì á wá bá Ojúlarí níbí. Tóbi ní òun lòun máa sọ èyí lórúkọ. Màmá ò tíì fọwọ́ sí i.