Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Ọwọ́: Lílẹ Sítíkà Abojú mọ́ Fèrèsé Ilé

Ìsàlẹ̀ ni a ń gbé nínú ilé wa ní Ìbàdàn, àtẹ̀gùn ilé kejì sì dojú kọ fèrèsé balùwẹ̀ àti ti pálọ̀ wa tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá ń gùn ún fi lè mọ irú ọbẹ̀ tó wà lórí tábìlì. Kọ́tìnì nìkan ni a gbójú lé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́tìnì tó bá dí ojú aládùúgbò yóò dí ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà ni mo ṣe ronú sítíkà tí a ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé kí ará ìta má baà rí inú ilé, oríṣi méjì ni mo sì gbé yẹ̀ wò kí n tó ra èyíkéyìí. Èyí tó funfun bàìbàì ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká bó ṣe ń gbà á kọjá, nítorí náà yàrá kò ní ṣókùnkùn, síbẹ̀ ẹni tó wà níta kò ní rí ju òjìji lọ, ní ọ̀sán àti ní òru. Èkejì ń dán bíi dígí nítorí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, ẹni tó bá sì wà níbi tó mọ́lẹ̀ jù ni yóò máa rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ọ̀sán, ará ìta ni; bí ilẹ̀ bá ṣú tí a sì tan iná, àwa ni, ará ìta á sì máa wò wá kedere. Àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ dárúkọ apá kejì yìí. (Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì tan gúlóòbù sí ara ògiri wa, sítíkà náà á tún máa ṣiṣẹ́ fún wa, èyí nìkan ni àǹfààní tí mo tíì rí nínú àìsí iná.) Nítorí náà, mo fi funfun sí balùwẹ̀, mo fi onídígí sí pálọ̀, kọ́tìnì yóò sì máa wà níbẹ̀ fún alẹ́ àti fún ìgbà tí a bá ṣí fèrèsé.

Ti balùwẹ̀ ti parí. Fífọ gíláàsì gba àkókò ju lílẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀kán ọ̀dà tí àwọn akunlé fi sílẹ̀ ní láti kúrò pátápátá. Mo fi omi ọṣẹ rẹ ẹ́, mo sì fi abẹ tuntun họ ọ́ títí ìka ọwọ́ mi kò fi rí nǹkan kọ́ mọ́. Mo gé sítíkà náà kí ó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 tóbi ju gíláàsì lọ yíká. Àbúrò mi di etí kejì mú bí mo ṣe ń ṣí bébà ẹ̀yìn rẹ̀, a sì fọ́n omi tí mo kán ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ sí sára gíláàsì àti ojú tó ní gọ́ọ̀mù. Ọṣẹ yìí ni kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù tètè dì mú, tí a fi lè sún sítíkà títí yóò fi jókòó dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo fi rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń nu dígí ọkọ̀ ti omi láti àárín lọ sí etí, mo sì gé etí rẹ̀ kí àlàfo mìlímítà 1 sí 2 wà láàárín òun àti férémù, kí ó má baà ká sókè. Àbàwọ́n omi tó kù lábẹ́ rẹ̀ yóò gbẹ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. N kò ní fi abẹ́rẹ́ gún un, bó tilẹ̀ ń wù mí.

Ní pálọ̀, mo ti lẹ sítíkà mọ́ apá kan nínú fèrèsé náà. Oòrùn òwúrọ̀ ń gbóná sí i, omi ọṣẹ á sì gbẹ kí ọwọ́ tó dé orí rẹ̀, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni mo ń ṣe é, pẹ̀lú fáànù ní pípa nítorí eruku.

Ó ku ilé ìdáná, tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ lúfà, ìyẹn ègé gíláàsì tí wọ́n tò léra wọn. Gíláàsì rẹ̀ ní bátánì lójú kan, sítíkà kì í sì í dì mọ́ ojú tó rí gánpagànpa. Mo yọ ègé kan jáde, mo sì rí i pé ojú dídán ló kọjú síta níbi tí òjò ti ń pa á. Nítorí pé ti inú ilé ni sítíkà tí mo rà, èmi yóò yí gbogbo ègé náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó wọn èyíkéyìí.