Ẹni Tó Ń Bá Mi Wo Iṣẹ́: Bódìjà àti Leeds

Kòkòrò àìfojúrí ni mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ ní yunifásítì, mo sì fi ọdún mẹ́ta ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kan n'Íbàdàn. Iṣẹ́ náà ò sú mi. Iná ló lé mi. Àwo tí a bá gbin bakitéríà sí gbọ́dọ̀ wà nínú ooru 37°C mọ́jú. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ lóru, tí epo sì ti tán nínú jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti ṣòfò nìyẹn. Mo ti sunkún lórí irú àwo bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí kòrónà sé wa mọ́lé ní 2020 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Figma, irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya ojú áàpù, kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣètò rẹ̀. Òru ni mo ń kọ́ ọ, torí òru ni dátà máa ń dínwó. Bàbá mi ò fara mọ́ ọn: "Ọdún mẹ́rin lo fi ka sáyẹ́ǹsì, o wá jókòó ti kíkun fóònù ní ọ̀dà?" Mi ò bá wọn jiyàn. Àwọn ló san owó ilé ìwé.

Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo wà báyìí, iṣẹ́ yẹn náà ni mo sì fi ń jẹun. Iná kì í lọ níbí, síbẹ̀ mo ṣì máa ń sáré ki fóònù bọ iná kí n tó sùn. Nínú oṣù Kejìlá, ilẹ̀ a ti máa ṣú kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo sì lè parí ọ̀sẹ̀ kan kí aládùúgbò kankan má bi mí bí mo ṣe jí.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù ni bí a ṣe ń rí ẹni tó máa bá wa dán iṣẹ́ wò. Ní ọjà Bódìjà n'Íbàdàn, ìsọ̀ ìyá aláta kan ni mo máa ń yà sí. "Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí fi ẹgbẹ̀rún méjì ránṣẹ́." Wọ́n á nu ọwọ́ sí ìró, wọ́n á gba fóònù. "Ọmọ mi, ibo ni wọ́n ń tẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù." Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n wò mí: "Owó mi dà?" Àwòrán lásán ni, kò sí kọ́bọ̀ tó kúrò níbì kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà wọ́n. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé kí ìka tó kúrò lórí fóònù, ojú áàpù gbọ́dọ̀ ti sọ ibi tí owó wà.

Ní Leeds, a ó kọ̀wé sí onítọ̀hún ṣáájú, á fọwọ́ sí i pé òun gbà, a ó sọ ìgbà tí a máa pa ohùn rẹ̀ tí a gbà sílẹ̀ rẹ́, a ó sì fún un lówó. Mo kọ́kọ́ rò pé àṣejù ni. Ọ̀wọ̀ ni. Èmi ò bi Màmá rí bóyá àyè wà, oníbàárà sì ń kọjá lọ. Àmọ́ àwọn ará ibí kì í fẹ́ sọ pé nǹkan ò dára. Wọ́n á máa yìn ín, ọwọ́ wọn á sì ti ṣìnà. Ọwọ́ ni mo ń wò. Ní yàrá àyẹ̀wò náà, ohun tó hù nínú àwo la máa ń kọ, kì í ṣe ohun tí a retí.

N'Íbàdàn, kí àwòrán má jẹ dátà ni mo ń bá jà. Níbí, ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ lẹ́tà tí kò tóbi gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, kí ẹni tójú ń dùn lè kà á, òfin 2018 sì mú un ní dandan fún ojú ìwé ìjọba. Ọkùnrin kan tí kò ríran dán iṣẹ́ mi wò. Fóònù ń ka ojú ìwé sí i létí. Ó dé orí bọ́tìnì tí mi ò fún lórúkọ, fóònù kàn ní "bọ́tìnì", ó sì dákẹ́, ó ń retí. Ojú tì mí. Afọ́jú wà ní Bódìjà tó ní fóònù lọ́wọ́. Òfin àwọn aláàbọ̀ ara wà ní Nàìjíríà láti 2019, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò bi mí nípa wọn rí.

Mo ṣì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Màmá lórí WhatsApp ọmọ wọn. Mo ń kọ́kọ́ béèrè báyìí, mo sì ń fi owó ránṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohùn wọn ló dé: "Ọjà ń lọ lọ́wọ́, ọmọ mi. Ó di alẹ́."

Mo dúró di alẹ́.