Ọdún Tí Ọkọ̀ Wa Fi Ẹ̀yìn Rìn

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ ìje yìí ti jẹ́ páìpù tó dógùn-ún lásán, ẹ mọ̀ pé oṣù-oṣù ni mo máa ń to àyẹ̀wò ọdún mi. Ti ọdún yìí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí mo ṣe ní oṣù keje, n kò lè sọ. Ìwé tí mo ń kọ iṣẹ́ sí ló wà níwájú mi yìí: láti ìparí oṣù karùn-ún títí dé ìparí oṣù kẹjọ, òfìfo ni. Gbogbo ọdún náà ti kó sínú alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, nígbà tí mo jókòó sínú ọkọ̀ tí mo ti ń tò láti ọdún mẹ́rin, tí mo fi í sí gíà kìíní, tí mo rọra yọ ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì, tí ọkọ̀ náà sì fi ẹ̀yìn rìn.

Ó rìn tó ìwọ̀n gígùn ènìyàn kan kí n tó pa á. Ọmọ mi obìnrin tó ń bá mi tan tọ́ọ̀ṣì dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Dádì, ṣé ẹ̀rù ń bà á ni?" N kò lè dá a lóhùn. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí sitiárìn, ọkàn mi ti lọ bá gíábọ́ọ̀sì lẹ́yìn mi. Mo ti mọ ohun tó dé kí n tó bọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún ṣàlàyé rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ọkọ̀ ìje oníjókòó kan ni Formula Vee, ara ìjàpá Volkswagen ni wọ́n sì ti yọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀: ẹ́ńjìnnì 1192 cc, gíábọ́ọ̀sì, irin iwájú onípáìpù méjì, àti bíréèkì onílù ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti 1963 tí SCCA, ẹgbẹ́ àwọn eléré ìje ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ti gbà á sí ìpele ìje tirẹ̀, ohun kan náà ló ń fà wá mọ́ ọn: ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lè fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó nílé. Nínú ìjàpá, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn. Nínú ọkọ̀ tiwa yìí, a yí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì padà kí ẹ́ńjìnnì lè bọ́ sí iwájú táyà ẹ̀yìn, ní ẹ̀yìn awakọ̀ gan-an. Bí a bá yí wọn padà tí a kò ṣe nǹkan mìíràn sí i, òdì ni táyà yóò máa yí sí. Gíà mẹ́rin yóò máa gbé ọkọ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan ṣoṣo tí í ṣe ti ẹ̀yìn ni yóò máa gbé e síwájú. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí a tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ gíábọ́ọ̀sì, kí a yọ gíà ńlá tí àwọn fìtà ń pè ní kíráòn, kí a gbé e láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí a sì pààrọ̀ àwọn wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fún béárìn rẹ̀ ní àyè tó tọ́.

Ọ̀gá ló ní òun máa ṣe ìyẹn.

Ẹ mọ Ọ̀gá. Ẹ mọ bó ṣe máa ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn, tí yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ pa ṣasí lára bí ẹni ń kí ẹṣin, kó tó wá kí èmi. Ó lé ní ogójì ọdún tó fi ń tú ìjàpá tó sì ń tò ó. Àwọn ìtàn tó fẹ́ràn jù lọ ni ti àwọn tó ti inú ọkọ̀ kékeré yìí jáde: Emerson Fittipaldi, tí òun àti Wilson ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fọwọ́ ara wọn kan Formula Vee ní Brazil kí Emerson tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Formula One ní 1972 àti 1974, àti Niki Lauda, tí òun náà wa Vee kó tó di ìlú-mọ̀ọ́ká. Bí Ọ̀gá bá ti sọ ọ́ tán, á na ìka sí mi: "Sípánà náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Gbé tìẹ."

Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹrin, ẹ́ńjìnnì la ń ṣe. N kò ní fa ìyẹn gùn, àfi ti wáṣà mẹ́ta tó máa ń wà lẹ́yìn fuláíwíìlì, irin róbótó ńlá tó wà ní ìparí ẹ́ńjìnnì. Àwọn ló ń sọ bí kíráńkì, ọ̀pá ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, yóò ṣe ní àyè tó láti rìn síwá sẹ́yìn, láàárín 0.07 sí 0.13 mm, bí ìnípọn irun orí kan. Alẹ́ mẹ́ta ló gbà wá. Ìgbà márùn-ún ni Ọ̀gá ní kí n tún un wọ̀n, torí pé ìgbà kọ̀ọ̀kan ni mo ń rí nǹkan tó yàtọ̀ díẹ̀. Kò bínú rárá. Ó kàn ń nu àwọn wáṣà náà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ, ó ń gbé wọn sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Nígbà tí ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kẹrin àti ẹ̀ẹ̀karùn-ún jọ bá 0.10 mu, ó yọ ìgò kékeré rẹ̀ lápò, ó fa ìlà pupa kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin. Àṣà rẹ̀ nìyẹn. Nọ́ọ̀tì tó bá parí ni yóò fi ìlà pupa sí. Èyí tí a ṣì máa tú, ìka ló fi ń dè é, kò ní ìlà. Bí ìlà náà bá sì yà lọ́jọ́ kan, a mọ̀ pé nọ́ọ̀tì ti ń tú.

Ní òru ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù karùn-ún, Ọ̀gá sùn, kò jí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí ọkọ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án tí mo tún lè wọ gáréèjì, mo bá gíábọ́ọ̀sì lórí tábìlì níbi tí Ọ̀gá gbé e sí, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ọ̀pá táyà méjèèjì wà lára rẹ̀, ó fi ọ̀rá wé e. Mo gbà pé ó ti parí rẹ̀. Mo so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, mo gbé gbogbo rẹ̀ wọ ṣasí, mo bu ọ́ìlì lítà 2.5 sí i. Lọ́jọ́ kejì, ọ́ìlì ti kán sílẹ̀ lábẹ́ ìdérí òsì. Mo fi agolo sábẹ́ rẹ̀, mo ní màá wò ó tó bá yá. Ìdánwò ìṣẹ́jú kan péré ló wà tí n kò ṣe: kí n fọwọ́ yí ọ̀pá tó ń gba agbára wọlé nígbà tí gíábọ́ọ̀sì ṣì wà lórí tábìlì, kí n sì wo apá ibi tí ọ̀pá táyà ń yí sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń to irú ọkọ̀ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe é kí ẹ tó gbé e wọlé.

Ẹ́ńjìnnì fọhùn ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹwàá. 1-4-3-2, ìtò ìdáná rẹ̀, bí sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ń tẹ̀ léra dáná, tí Ọ̀gá fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ògiri, òun ni mo ń wò bí mo ṣe ń to wáyà púlọ́ọ̀gì. A ti yọ fáànù rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ìrìn ni yóò máa tù ú, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ jó pẹ́ lórí ìdúró. Ó jó fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ìyàwó mi sáré jáde láti inú ilé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó ń rẹ́rìn-ín. Alẹ́ ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ fi ẹ̀yìn rìn.

Oṣù kọkànlá la fi tú u. Nọ́ọ̀tì 36 mm tó wà láàárín ìlù bíréèkì ẹ̀yìn nìkan gba odindi alẹ́ kan, pẹ̀lú páìpù tó gùn ju mítà kan lọ lẹ́nu sípánà. Nígbà tí mo wá dé ìdí ìdérí gíábọ́ọ̀sì, sípánà kò tiẹ̀ ríṣẹ́ ṣe. Ìka ni mo fi yí nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, ó tú. Ìkejì, bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀. Mo gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọmọ mi, mo sún mọ́ ọn. Kò sí ìlà pupa kan ṣoṣo lára wọn.

Mo ní láti jókòó sílẹ̀. Ká ní ọkọ̀ yẹn ti rìn síwájú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, inú mi ì bá dùn, mà bá ti wà á jáde, pẹ̀lú ìdérí tí ìka lásán dè. Béárìn á ti mì, kíráòn á ti yẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kí eyín rẹ̀ ti gbé eyín ìkejì, á sì ti jẹ ara rẹ̀. A kò lówó òmíràn. Ẹ̀yìn tó fi rìn ló gba gíábọ́ọ̀sì náà là.

Mo wá lọ ṣí agolo gásíkẹ́ẹ̀tì tí n kò fọwọ́ kàn láti oṣù karùn-ún, torí pé gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tó ń dí ẹnu ìdérí kí ọ́ìlì má baà jò, yóò bàjẹ́ bí a bá tú u. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun méjì wà níbẹ̀, ìwé pélébé kan sì wà láàárín wọn, ìka ọlọ́ìlì ti fi àpá sí i létí. Ìwé ọwọ́ Ọ̀gá ni. Ó kọ ìwọ̀n wáṣà òsì, ó kọ ti ọ̀tún, ó fa ọfà láti ọ̀kan sí èkejì pé kí wọ́n pààrọ̀ ipò. Ó ti tú gíábọ́ọ̀sì náà wò, ó ti wọ̀n ọ́n, ó ti tò ó padà kí eruku má baà wọ inú rẹ̀. Nísàlẹ̀ ìwé náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni: "Dúró dè é."

Èmi ló dúró dè. Sátidé méjì tẹ̀ léra nínú oṣù karùn-ún ni mo fi ránṣẹ́ sí i pé ọwọ́ mi dí níbi iṣẹ́. Ọwọ́ mi dí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Sátidé méjì ni.

Kíráòn náà wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo wọ̀n wáṣà méjèèjì fúnra mi, ìgbà márùn-ún, wọ́n bá ohun tó wà nínú ìwé mu.

Owó ọkọ̀ kì í jáde láti inú owó ilé, ìyẹn kò yí padà lọ́dún yìí. Ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí mo bá rí nínú iṣẹ́ àfikún ni, bí kò bá sì sí iṣẹ́ àfikún, a ó máa fi fáìlì ha ìpẹtà. Ti àkókò náà rèé: alẹ́ méjì lọ́sẹ̀, láti aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, àti àárọ̀ Sátidé. Wákàtí 131 ni ìwé mi sọ pé mo lò. Ìyàwó mi ló fún mi ní gbogbo rẹ̀, torí òun ló ń gbé ilé dúró nígbà tí mo bá wà lábẹ́ ọkọ̀. Láti ọjọ́ kìíní ló ti sọ pé n kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ yìí láìní bẹ́líìtì gidi àti ohun ìpaná. Ní oṣù yìí, ó gbé bẹ́líìtì ìje wálé, èyí tó ń di èjìká, ìbàdí àti itan mú, owó ara rẹ̀ ló fi rà á. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò mi jórinjórin náà, tó gé irin ààbò orí tó ti jó tán dànù, tó tún jó òmíràn, nítorí pé èyí àkọ́kọ́ kò ga ju akoto mi lọ.

Màmá, ìyàwó Ọ̀gá, wá ní Sátidé kejì oṣù yìí. Òun ló kó àpótí irinṣẹ́ Ọ̀gá fún mi ní oṣù kẹjọ, ìgò pupa náà sì wà nínú rẹ̀. Mo ti de gbogbo nọ́ọ̀tì ìdérí tán, ìlà ló kù. Bí mo ṣe mú ìgò náà jáde, ó na ọwọ́, ó gbà á, ó yí i wò.

"Kútẹ́ẹ̀sì mi nìyí," ni ó wí. "Èmi ni mo ń rà á fún un. Ó ní ọ̀dà kankan kì í mú lára irin bí i rẹ̀."

Mo bi í pé, "Ṣé ẹ máa fẹ́ fi ìlà náà sí i fúnra yín, Màmá?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọmọ mi tan tọ́ọ̀ṣì fún un, ó sì fi í sí gbogbo wọn, òsì àti ọ̀tún, láìyára. Ohun tó kù nínú ìgò náà kò ní tó ti ọdún tó ń bọ̀. Ó ní òun mọ àwọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo wọlé, mo fi ọkọ̀ sí gíà kìíní, mo yọ ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ó lọ síwájú. Ó jáde ní gáréèjì títí dé ẹnu géètì, mo sì pa á níbẹ̀ nítorí bíréèkì ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Bíréèkì iwájú ló kàn. Lẹ́yìn rẹ̀, a ó gbé e fún àwọn aṣàyẹ̀wò, bí wọ́n bá sì gbà á, mo fẹ́ kó rí pápá ìje kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí. N kò ní dá oṣù. A ó bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, ní aago méje àárọ̀. Màmá ti ní òun ń bọ̀, mo sì ti sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé kí wọ́n má pè mí.