Gbogbo fọ́tò mi di ti òní

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Linux tuntun (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) sórí kọ̀ǹpútà mi tán ni, mo sì ti kó àwọn fáìlì mi padà láti orí dísìkì tí mo tọ́jú ẹ̀dà wọn sí. Kò sí èyí tó sọnù.

Àmọ́ bí mo ṣe ṣí ibi tí fọ́tò wà, àyà mi já. Gbogbo wọn ló ń jẹ́ ọjọ́ òní! Fọ́tò màmá mi ti ọdún 2009, níbi tí wọ́n ti fọwọ́ ṣíji bo ojú nítorí oòrùn, òní ni wọ́n kọ sí i lára. Mo kàn jókòó, mò ń wò ó.

Àṣé tí èèyàn bá fi cp lásán (àṣẹ tí wọ́n fi ń da fáìlì kọ lórí Linux) da fáìlì kọ, láìfi -a tàbí -p tó ń pa ọjọ́ àtijọ́ mọ́ kún un, ọjọ́ tó dà á kọ ló máa gbà. Ọpẹ́ ni pé ọjọ́ àtijọ́ ṣì wà lórí dísìkì ẹ̀dà náà. Mo ti pa èyí tí mo kó wọlé rẹ́, rsync -a, àṣẹ míì tó ń da fáìlì kọ tó sì ń pa ọjọ́ wọn mọ́, ni mo fi ń kó wọn padà báyìí. Mo ti rí 2009 lára fọ́tò màmá mi, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ojú yín ti rí irú èyí rí?