Kí Ẹ Tó Di Ẹrù Lọ Ilẹ̀ Lárúbáwá: Ohun Tí Mo Kọ́ Nípa Ẹ̀sìn Wọn àti Òfin Wọn

Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá tí físà iṣẹ́ yín ti jáde, ẹ kú oríire. Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún yín kò ju méjì lọ: ohun tí ẹ máa dì sínú báàgì, àti bí ẹ ó ṣe máa ṣe tí ẹ bá débẹ̀. Mo fi ti báàgì ṣáájú nítorí pé ibẹ̀ ló ń kó àwọn èèyàn wa sí wàhálà jù. Ẹni tó bá ṣi ìwà hù, wọ́n lè bá a wí kí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, iwájú adájọ́ ló ń lọ.

Kókó kan kí n tó bẹ̀rẹ̀: òfin wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn ejẹ́ǹtì kan á sọ fún yín pé ẹni tó ti gbé Dubai rí ti mọ Saudi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wà ní Dubai, ní Oud Metha àti Jebel Ali, ọtí sì wà ní hòtẹ́ẹ̀lì tó gbàṣẹ. Ní Saudi, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì kankan, òṣìṣẹ́ bíi tiwa kò sì gbọdọ̀ ní ọtí lọ́wọ́. Kuwait náà ka ọtí léèwọ̀. Orúkọ ìlú tó wà lórí físà yín ni kí ẹ wádìí òfin rẹ̀, kì í ṣe ti ìlú tí àbúrò yín wà.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ tú báàgì yín sórí ẹní nílé, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Tírà, ońdè, ìgbàdí, òrùka tí wọ́n ṣe, ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi nǹkan gún, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má kó wọn sí ìsàlẹ̀ báàgì, ẹ má rán wọn mọ́ etí aṣọ. Ní Saudi, ẹ̀sùn oṣó àti idán lè já sí ikú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, wọ́n bẹ́ obìnrin kan lórí nítorí rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, wọ́n bẹ́ ọkùnrin kan lórí ní Najran, ìwé àti tírà sì wà lára ohun tí wọ́n ní àwọn bá lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè Dubai náà máa ń gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀, òfin wọn sì fi ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn sí i.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí ẹ̀yin lẹ máa ń rò pé kò kàn yín. Aáfà tó ṣe tírà fún yín lè jẹ́ èèyàn rere, ó sì lè jẹ́ pé Kùránì nìkan ló kọ sínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí àwọn onímọ̀ Saudi dì mú ni pé ẹni tó so nǹkan mọ́ra fún ààbò ti ń bá Ọlọ́run wá orogún. Awọ tí wọ́n rán bò ó ni aṣọ́bodè máa rí, kò ní béèrè ẹni tó kọ ọ́. Hàǹtú inú ìgo náà ńkọ́, ìyẹn omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì kúrò lára wàláà? Omi dúdú tí kò lórúkọ lára ni lójú tiwọn.

Àgbo jẹ̀dí tí aláàgbo rẹ sínú ògógóró, ọtí ni lábẹ́ òfin wọn, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ̀bù tí wọ́n lọ̀ sínú ọ̀rá, wọ́n á gbé e lọ yẹ̀ wò, ẹ̀yin á sì jókòó dè wọ́n títí èsì á fi dé. Obì pẹ̀lú: Àjọ Hájì orílẹ̀-èdè wa ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé kí arìnrìnàjò má gbé e wọ Saudi. Ẹ jẹ ẹ́ tán ní Abẹ́òkúta.

Oògùn òyìnbó ló burú jù. Tramadol, kodéìnì, Diazepam, Lexotan: àwọn ará wa kan ń lò wọ́n fún ẹ̀yìn ríro tàbí àìróorunsùn, wọn ò sì kà á sí nǹkan kan. Níbẹ̀, oògùn olóró ni wọ́n kà wọ́n sí. Tí ẹ̀ ń lo oògùn lóòótọ́, ẹ lọ bá dókítà yín, bóyá ní Ìdí-Àbà ni tàbí ọsibítù aládàáni, kí ó kọ lẹ́tà lédè Gẹ̀ẹ́sì: orúkọ yín bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà, orúkọ oògùn, ìwọ̀n tí ẹ̀ ń lò lójúmọ́, àìsàn tó wà fún, déètì àti òǹtẹ̀. Saudi kì í gba lẹ́tà tó ti ju oṣù 6 lọ, oògùn tí ẹ gbé kò sì gbọdọ̀ ju ti ọjọ́ 30 lọ. Dubai àti àwọn ìlú tó wà pẹ̀lú rẹ̀ fẹ́ kí ẹ gba àṣẹ lórí ìkànnì ìjọba wọn ṣáájú ìrìnàjò. Ẹ fi oògùn sílẹ̀ nínú páálí tiẹ̀. Kóró oògùn inú ọ̀rá kò ní ẹlẹ́rìí.

Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù, ì báà jẹ́ ìyá ọ̀rẹ́ yín ló fẹ́ fi ẹ̀gúsí ránṣẹ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, wọ́n pa obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan ní Mẹ́kà nítorí oògùn olóró, òun pẹ̀lú ọkùnrin ará Pakistan méjì àti ará Yemen kan. Ẹni tí kò gbé nǹkan kan náà lè bọ́ sínú ẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó gba Kánò lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2018 jìyà lẹ́wọ̀n Saudi títí di òpin oṣù Kẹrin 2019, nítorí pé àwọn kan ti fi orúkọ rẹ̀ so báàgì tramadol tí kì í ṣe tirẹ̀. Nítorí náà, ní Ìkẹjà, ẹ ya fọ́tò báàgì yín lórí ìwọ̀n. Ẹ dúró títí wọ́n á fi so táàgì mọ́ ọn lójú yín. Ẹ ka ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ fún yín: tí báàgì bá jẹ́ méjì, ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì. Tó bá di mẹ́ta, ẹ má kúrò níbẹ̀, ẹ pariwo.

Ẹ̀yin Kírísítẹ́nì, Bíbélì kan fún ara yín kì í dá wàhálà sílẹ̀. Páálí ìwé ìròyìn ayọ̀ ló ń dá a sílẹ̀. Òróró àdúrà, omi ìyàsímímọ́ àti sùtánà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Àdúrà inú yàrá lóhùn jẹ́jẹ́ kò ní kó yín sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ òru, ìpàtẹ́wọ́ àti agogo nínú yàrá tí èèyàn mẹ́jọ ń sùn sí, ìpéjọ ìsìn ni, ará ilé kan ló máa lọ sọ fún ọlọ́pàá. Ní Qatar, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wà ní Mesaymeer. Wọ́n máa ń wo káàdì ìdánimọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò sì ní rí àgbélébùú níta. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìsìn ńlá wọn, torí ọjọ́ iṣẹ́ ni Sọ́ńdè níbẹ̀. Ẹ má pe Mùsùlùmí kankan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú wọ̀nyí, kódà kó jẹ́ òun ló béèrè. Ẹ̀wọ̀n wà nínú ẹ̀.

Oṣù Rámádánì ní òfin tiẹ̀. Láti àfẹ̀mọ́jú títí oòrùn á fi wọ̀, kò sí oúnjẹ, kò sí omi, kò sí sìgá níta, ṣingọ́ọ̀mù pàápàá. Ní Kuwait, òfin ọdún 1968 fi ẹ̀wọ̀n oṣù kan tàbí owó ìtanràn 100 dínárì, tàbí méjèèjì pọ̀, sí i. Àwa tí a mọ ohun tí ìṣéde Orò jẹ́ ní Abẹ́òkúta kò yẹ ká máa bá wọn jiyàn lórí èyí. Ẹ jẹun nínú yàrá tàbí níbi tí iléeṣẹ́ yà sọ́tọ̀, kí ẹ sì pa ìlẹ̀kùn dé. Ẹ má gbé ike omi lọ́wọ́ kọjá lójú títì, inú báàgì ni kó wà.

Ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín náà. Òfin iṣẹ́ Saudi ní òṣìṣẹ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ ju wákàtí 6 lójúmọ́ tàbí 36 lọ́sẹ̀ lọ nínú oṣù náà. Ní Dubai, wákàtí 2 ni wọ́n ń yọ fún gbogbo òṣìṣẹ́, ẹ̀sìn yòówù kí wọ́n ṣe. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ kò sí lábẹ́ òfin iṣẹ́ Saudi yìí, àwọn gan-an ni iṣẹ́ wọn sì ń pọ̀ sí i, torí alejò ń wọlé lálẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbọ́ oúnjẹ sààrì. Kí oṣù tó wọlé ni kí ẹ bá obìnrin tó ni ilé sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ gba wákàtí tí ẹ ó fi sùn lọ́sàn-án.

Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá yín. Mo mọ̀ pé èyí á nira fún ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n lójú wọn, ìforíbalẹ̀ ti Ọlọ́run nìkan ni, ẹni tó dùbúlẹ̀ síwájú èèyàn ti mú kí onítọ̀hún dẹ́ṣẹ̀ lójú ará ilé rẹ̀. Ẹ kí wọn ní “Salaamu alaykum”, ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àyà, ó tó. Kí ọkùnrin má na ọwọ́ sí obìnrin àfi tí obìnrin náà bá kọ́kọ́ nawọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ máa fi gba nǹkan, èyí ò le fún wa. Ẹ má kọjá níwájú ẹni tó ń kírun, ẹ má fi bàtà tẹ ẹní ìkírun. Ẹ má fi ìwé tí wọ́n kọ Lárúbáwá sí nu nǹkan, orúkọ Ọlọ́run lè wà níbẹ̀.

Mẹ́kà kò sí fún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, kódà bí ọ̀gá bá ní kí ẹ wa ọkọ̀ lọ. Ẹ̀yin Mùsùlùmí pàápàá, físà iṣẹ́ kì í ṣe ìwé Hájì. Ní 2025, ẹni tó bá gbìyànjú láti ṣe Hájì láìgbàṣẹ lè san tó 20,000 ríyàlì, wọ́n sì lè dá a padà sílé kí wọ́n fòfin dè é fún ọdún 10. Ìkànnì Nusuk, tí ìjọba Saudi fi ń fún èèyàn láṣẹ Hájì, ni kí ẹ ti gba ìwé yín.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, oyún láìsí ìwé ìgbéyàwó lè di ẹjọ́ ní Saudi àti Qatar. Ọsibítù máa ń béèrè ìwé náà kí wọ́n tó forúkọ aboyún sílẹ̀. Tí ẹ bá ti ṣègbéyàwó, ẹ mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dání láti ilé.

Tí ọlọ́pàá bá mú yín, ẹ má fọwọ́ sí ìwé Lárúbáwá tí ẹ ò lè kà. Ẹ béèrè ògbufọ̀, ẹ sì béèrè pé kí wọ́n pe aṣojú Nàìjíríà: ó wà ní Riyadh àti Jeddah ní Saudi, ní Abu Dhabi àti Dubai, ní Doha, ní Kuwait. Ẹ kọ nọ́ńbà wọn sínú fóònù àti sórí ìwé, torí ọlọ́pàá á gba fóònù. Ẹ̀dà ìwé ìrìnnà, físà àti àdéhùn iṣẹ́ yín, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni yín kan ní Abẹ́òkúta tó máa ń gbé ìpè, kí ẹ sì sọ fún un pé tí òun kò bá gbóhùn yín fún ọ̀sẹ̀ kan, kó pe aṣojú Nàìjíríà níbẹ̀ ná, kó tó pe ejẹ́ǹtì.